Ọkọ̀ Ẹ̀dínwó Tó Gbé Ìyá Rásákì

Ẹni tó bá mọ Mùínátù ní Ìbàdàn mọ̀ pé kì í san owó ọjà láìná an. Bó bá ti wọ ìsọ̀ aláṣọ, àwọn ọmọbìnrin tó ń tajà á ti máa wo ara wọn lójú. Ó lè ná ata rodo títí aláta á fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú máa gbé e lọ, orí ti ń fọ́ mi." Kì í ṣe pé ó háwọ́ o. Ó kàn kórìíra kí ẹnikẹ́ni rẹ́ òun jẹ ni, ó sì gbà pé kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ dárúkọ iye kan tí kò ní pa irọ́ mọ́ ọn.

Nítorí náà, nígbà tó dé gáréèjì Ìlaròó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó ń wá ọkọ̀ tó máa háyà lọ sí Ijoun, ó ti ká ọwọ́ aṣọ sókè kó tó kí ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ lọ gbé. Arúgbó ni Ìyá Rásákì, ó ń dá gbé ní Ijoun pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan ti lọ pátápátá, èkejì ló kù, òun náà sì ń ṣú lọ. Àwọn dókítà ojú kan máa ń wá sí ilé ìwòsàn kan ní Ìlaròó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n ti yẹ ojú Màmá wò rí, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ lè gba èyí tó kù là, bí wọ́n bá tètè gbé e wá nígbà tí àwọn bá padà dé. Òní ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Tí wọ́n bá ti pe ìrun àílà, wọn ò ní gba aláìsàn kankan wọlé mọ́. Lọ́la, wọ́n á tú báńdéèjì ojú àwọn èèyàn, wọ́n á kó ẹrù wọn, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Dókítà ò sì fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ojú yẹn ò lè dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀kadà kún ojú ọ̀nà ibẹ̀ bí eṣinṣin, àmọ́ ọ̀kadà ti gbé Màmá ṣubú rí, ìbàdí rẹ̀ ò sì tíì gbàgbé. Ọkọ̀ ni dandan.

Abdulrasaq ẹ̀gbọ́n Mùínátù, ẹni tí wọ́n fi ń pe ìyá wọn ní Ìyá Rásákì, ti pè é láti Èkó. Ó ní òun mọ awakọ̀ kan ní Ìlaròó tó ṣeé fọkàn tán, kí Mùínátù san iye tí ọkùnrin náà pè fún òun, kó má ná an. Mùínátù gbọ́ iye náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ ká háyà ọkọ̀ ni àbí ẹ fẹ́ ká rà á?"

Bó ṣe pa awakọ̀ tó ṣeé fọkàn tán tì nìyẹn, tó lọ bá Abdulkabir, awakọ̀ mìíràn nínú gáréèjì náà.

Ọkùnrin tí èèyàn lè fa ọmọ lé lọ́wọ́ ni Abdulkabir tí ẹ bá wò ó lójú. Irùngbọ̀n rẹ̀ gún régé, tẹ̀súbáà ń fì dìrọ̀dìrọ̀ lára dígí iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù. Iye tó pè ju ti awakọ̀ Abdulrasaq lọ.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé Mẹ́kà lẹ fẹ́ gbé mi lọ ni?" Mùínátù dáhùn.

"Ọ̀nà ò dáa, ẹ̀gbọ́n. Epo sì ti gbówó lórí."

Mùínátù ná an. Ọkùnrin náà ò yẹsẹ̀. Mùínátù bínú, ó gbé báàgì rẹ̀, ó yí padà, ó ń lọ. Ẹni tó bá mọ ọjà ná mọ̀ pé ibí yìí ló yẹ kí ọlọ́jà ti pariwo pé, "Ẹ padà wá, ẹ mú owó wá!" Abdulkabir ò pe ẹnikẹ́ni. Ó mú èkísà, ó ń nu dígí ọkọ̀ rẹ̀. Ìyẹn dun Mùínátù wọnú eegun. Ó rọra yí padà, ó wá fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń ṣagbe.

"Ẹ ṣàánú mi nítorí Ọlọ́run. Ìyá arúgbó ni mo fẹ́ lọ gbé. Wọn ò ríran. Ojú ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún wọn."

Èkísà dúró lójú dígí.

"Wọn ò ríran?" Abdulkabir bèèrè.

"Bàìbàì ló kù."

"Wọ́n sì ti dàgbà gan-an?"

"Ọmọ ọmọ wọn ti ń bímọ."

"Ẹni tó bá wò wọ́n, á mọ̀ pé ara wọn ò yá?"

Ẹ gbọ́ irú ìbéèrè yẹn! Kí ló kan awakọ̀ nínú pé bóyá àìsàn ìyá hàn síta àbí kò hàn? Àmọ́ Mùínátù ò gbọ́ ìbéèrè, owó nìkan ni etí rẹ̀ ń dúró dè. Ó ní, "Ẹni tó bá wò wọ́n, àánú á ṣe é."

Ni Abdulkabir bá gé owó náà sí méjì. "Nítorí Màmá ni o," ló wí, ó sì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un.

Ọmọ Ijoun ni Mùínátù, etí ẹnubodè ni wọ́n bí i sí. Ọmọ tó ṣì ń fa imú níbẹ̀ mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá dín owó lójijì lọ́nà ẹnubodè, nǹkan kan wà tó fẹ́ gbé bọ̀. Àwọn àgbà ló ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìbàdàn ti gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì, ó ti pe Abdulrasaq.

"Ìdajì! Ìdajì ni mo ná an sí! Ẹ máa sọ fún awakọ̀ yín pé kó máa lọ fi ọkọ̀ rẹ̀ sínkú."

Wọ́n lọ dáadáa. Fèrèsé ọkọ̀ wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, Abdulkabir ń bi í nípa Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dé Ijoun, ó ní afẹ́fẹ́ táyà kan ti lọ sílẹ̀, kí òun sáré lọ rí fọ́kanáísà kí Màmá tó múra tán.

Màmá ti múra tán tipẹ́. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá funfun rẹ̀, ó ti sọ àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ lé aládùúgbò lọ́wọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ó kọjú sí ojú ọ̀nà tí kò lè rí. Wọ́n retí títí. Oòrùn ń gòkè. Mùínátù pe fóònù Abdulkabir, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti sá kọjá ẹnubodè, obìnrin kan ló ń sọ Faransé sí i létí. Ó tún pè é, obìnrin náà tún sọ Faransé.

"Táyà wo ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti ọjọ́ yìí? Ṣé ó ń fi ẹnu fẹ́ ẹ ni?" Mùínátù ń pariwo káàkiri àgbàlá.

"Fara balẹ̀," ni Màmá ń wí. "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."

Nígbà tí Abdulkabir dé, kò wá àwáwí kan tó dúró. Ó ní kí wọ́n má bínú, ó ti gbé báàgì Màmá, ó ti mú Màmá lọ́wọ́, ó ti tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹyin. Kò sí ẹni tó ráyè wo ọkọ̀ náà pé ó ti jókòó sílẹ̀ bí abo adìyẹ tó ń pamọ.

Ooru ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Wọ́n ò tíì rìn jìnnà tí Mùínátù, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, fẹ́ ṣí fèrèsé. Kò ṣí.

"Ó ti bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n," Abdulkabir wí.

"Ó ti bàjẹ́ kẹ̀? Èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú nígbà tí à ń bọ̀?"

 Fèrèsé Abdulkabir nìkan ló wà ní ṣíṣí. Ọkọ̀ bọ́ sínú kòtò, nǹkan kan sì dún ṣáá nínú ilẹ̀kùn. Màmá fi etí ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ tún bọ́ sí kòtò, ó tún dún ṣáá.

"Mùínátù, ìrẹsì ta ni à ń gbé lọ?"

"Ìrẹsì kẹ̀, Màmá? Kò sí ìrẹsì níbí."

"Ó wà nínú ilẹ̀kùn yìí, ó ń dà wálẹ̀. Ó tún wà lábẹ́ ìdí mi. Mo ta ìrẹsì títí ojú fi dá mi dúró, kò sí bó ṣe máa dún létí mi tí n kò ní mọ̀ ọ́n."

Mùínátù ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, ó kó ìrẹsì jáde ẹ̀kúnwọ́. Ìrẹsì tútù, funfun báláú. Àṣé wọ́n ti tú inú ilẹ̀kùn, wọ́n ti da ìrẹsì síbi tí dígí fèrèsé ń wọ̀ sí, wọ́n ti dà á sábẹ́ ìjókòó, wọ́n ti dà á sí gbogbo ihò tó wà lára ọkọ̀ náà. Kò sí àpò kankan tí ẹnikẹ́ni lè rí. Gbogbo ọkọ̀ náà ti di àpò ìrẹsì, wọ́n wá gbé ìyá arúgbó lé e lórí bí ìdérí.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Ìrẹsì fàyàwọ́ lo kó sábẹ́ ìyá mi?"

Ẹ ò rí i pé Abdulkabir ò tiẹ̀ sẹ́? Ojú kankan ò tì í. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú dígí. "Etí Màmá mà mú o," ló wí. Ó wá fa ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Àwọn aṣọ́bodè wà níwájú. Àánú arúgbó tó ń ṣàìsàn máa ń ṣe wọ́n, wọn ò ní tú ọkọ̀ wò. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí Màmá kàn fẹ̀yìn tì, kí wọ́n máa kérora díẹ̀díẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí ta ló máa kérora?" Màmá bèèrè.

"Ẹ̀yin, Màmá. Díẹ̀ báyìí."

"Ojú mi kì í ro mí. Ó kàn ṣú ni. N kò ní kérora."

"Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ṣebí ẹ̀yin náà ta ìrẹsì."

"Mo tà á lójú ọjà. N kò fi ìyá ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀."

 Mùínátù lu ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ gbàgbà. "Dúró! Mo ní kí o dúró, ká sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ olè yìí!"

Abdulkabir dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tiẹ̀ pa ẹnjìnnì. Mùínátù ṣílẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ lósì. Kò sí ilé, kò sí ìbòòji, kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú tàbí lẹ́yìn. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín orí.

"Ẹ máa sọ̀, ẹ̀gbọ́n," ni Abdulkabir wí, kò gbé ohùn sókè rárá. "Ọkọ̀ mìíràn lè kọjá kó tó di ìrun aláàsárì. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ìdajì owó lẹ san. Ta lẹ rò pé ó máa san ìdajì tó kù? Màmá ló san án."

Háà! Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ẹni tó máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wa.  Ẹsẹ̀ Mùínátù kan wà nílẹ̀, ìkejì wà nínú ọkọ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Màmá jókòó jẹ́ẹ́, ó kọjú síwájú, ojú tó kù yẹn ń ṣẹ́jú sínú oòrùn. Bí wọ́n bá sọ̀, ojú yẹn ti lọ nìyẹn.

Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó fi ìbínú pa ilẹ̀kùn dé, ìrẹsì sì dún ṣáá. Láti ibẹ̀ lọ, ó fi èébú bọ́ Abdulkabir. Ó bú u, ó bú ọkọ̀ rẹ̀, ó bú tẹ̀súbáà tó fi kọ́ sí dígí bí ẹni tó mọ Ọlọ́run. Abdulkabir ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n rí igi tí àwọn aṣọ́bodè fi dábùú ọ̀nà, Mùínátù náà pa ẹnu dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá bá wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé awakọ̀. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

"Ijoun ni, ọ̀gá. Màmá wa ò ríran mọ́, iṣẹ́ abẹ ojú la ń gbé wọn lọ ṣe ní Ìlaròó. Àwọn dókítà ò ní pẹ́ parí."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó bí Mùínátù nínú jù nìyẹn, pé olè yẹn ò pa irọ́ kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo Mùínátù.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Mùínátù dáhùn.

Ọmọ náà ṣí fìlà lórí. "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyá tèmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ọlọ́run á la ojú yín. Ẹ ó fi ojú yín rí oúnjẹ jẹ, ẹ ó fi rí ọmọ ọmọ yín."

 Nínú dígí, ojú Abdulkabir le koko. Màmá wá ní, "Àmín," ohùn rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ọmọ náà gbé igi kúrò lọ́nà fún wọn.

"Ẹ ò rí i?" Abdulkabir wí nígbà tí wọ́n ti kọjá. "Kò le." 

Wọ́n bá ìrun àílà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé Màmá wọlé. Wọ́n ṣe ojú náà.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì lọ́jọ́ kejì, Màmá kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó wá gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀. "Ọwọ́ mi ti gbó," ló wí. "Mùínátù, ìwọ náà ti ń darúgbó!" Mùínátù rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún, ó di ìyá rẹ̀ mú. Tí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ì bá dára. Àmọ́ nígbà tí wọ́n jáde sí géètì, ta ni wọ́n máa bá níbẹ̀?

Abdulkabir ni. Ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń bá ọkùnrin ará Ìlárá kan sọ̀rọ̀. Bàbá ọkùnrin náà ni ẹsẹ̀ ń dùn, ó fẹ́ háyà ọkọ̀ tó máa lọ gbé wọn wá sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Wọn ò lè rìn rárá?" Abdulkabir ń bèèrè. "Ẹni tó bá wò wọ́n, á mọ̀ pé ara wọn ò yá?"

Mùínátù dúró gbagidi lójú kan. Ó gbọ́ bó ṣe gé owó náà sí méjì. Ó gbọ́ "Nítorí Bàbá ni o." Ó rí ẹ̀rín tó là sí ọkùnrin ará Ìlárá lẹ́nu, ẹ̀rín ẹni tó rò pé òun mọ ọjà ná. Bí iná ṣe ń ran pápá, bẹ́ẹ̀ ni ìbínú gba ara rẹ̀.

"Má dá a lóhùn! Arákùnrin, má fún un ní kọ́bọ̀! Fàyàwọ́ ló ń ṣe! Ìrẹsì ló máa dà sábẹ́ bàbá rẹ, á ní kí bàbá rẹ máa kérora kí àwọn aṣọ́bodè má baà tú ọkọ̀! Ó fi ìyá mi ṣe é lánàá, ìyá mi tó wà níbí yìí! Ọ̀dàlẹ̀! Aláìlójútì! Èèyàn tó ń fi àìsàn arúgbó ṣòwò!"

Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Abdulkabir gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ̀rín rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mo gbé yín dé kí àsìkò tó lọ? Ṣé Màmá ríran àbí wọn ò ríran?"

Ọkùnrin ará Ìlárá wo Abdulkabir, ó wo Mùínátù. Kì í ṣe ẹni tó ní ìbàjẹ́ nínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Nígbà tí ẹ mọ̀ pé ìrẹsì ni," ó bi Mùínátù, "ṣé ẹ sọ̀ kalẹ̀?"

 Mùínátù yíjú sílẹ̀. Ojú bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Màmá ló dáhùn. "Kò sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà ò sọ̀. Ọmọ kan ṣí fìlà fún mi lójú ọ̀nà, ó fi inú kan ṣàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín lórí ìrẹsì olè." Ó sún mọ́ Abdulkabir, ó tẹjú mọ́ ọn, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i nìyẹn. "Ìwọ rè é. Ohùn rẹ ti jẹ́ kí n rò pé ọmọlúàbí ni ọ́." Ó wá yíjú sí ọkùnrin ará Ìlárá. "Bí o bá fẹ́, gba ọkọ̀ rẹ̀. Àmọ́ kí o tó fún un lówó, kọ́kọ́ bi bàbá rẹ bóyá ó gbà. Èmi, ẹnikẹ́ni ò bi mí."

Ó ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ni, àmọ́ Mùínátù mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá. Ọkùnrin ará Ìlárá ki owó rẹ̀ padà sápò, ó yọ fóònù. Àwọn tó péjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí Abdulkabir, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Mùínátù mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n rìn lọ sí gáréèjì. Ó lọ bá awakọ̀ tó ṣeé fọkàn tán yẹn, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ júwe fún un. Ọkùnrin náà dárúkọ iye rẹ̀. Mùínátù ò ná an. Ó kàn ṣí báàgì, ó ń yọ owó.

Màmá gbá a lọ́wọ́ mọ́ báàgì.

"Iye wo nìyẹn? Ṣé o ti ya wèrè ni? Ó wọ́n jù, ná an." Ó wo ọmọ rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú ojú tuntun yẹn. "Ná an dáadáa. Àmọ́ má dárúkọ ojú mi."